Tí onígbàgbọ́ bá ṣubú sínú ẹ̀ṣẹ̀, ṣé oore-ọ̀fẹ́ ṣì wà fún un? Ohun tí àwọn ìjọ wa ń kọ́ni rèé

Ẹni tó bá ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún mélòó kan á ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, olórí ẹgbẹ́ akọrin ò sí níbi tó máa ń dúró sí. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ka lẹ́tà níwájú ìjọ: wọ́n ti fi í sábẹ́ ìbáwí fún oṣù mẹ́fà, kò gbọdọ̀ kọrin, kò sì gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ Olúwa. Lẹ́tà náà ò sọ ohun tó ṣe. Àmọ́ kí ìjọ tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán lọ́jọ́ náà, gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni, obìnrin náà kì í sì í ṣe ìyàwó rẹ̀.

Níta, lábẹ́ igi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ẹ ó gbọ́ èrò mẹ́ta.

Ẹni àkọ́kọ́ á ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, arákùnrin yẹn ò di àtúnbí rí."

Ẹni kejì á ní, "Ó di àtúnbí o. Ó kàn ti sọ ìgbàlà ẹ̀ nù ni. Tó bá kú lálẹ́ òní, ọ̀run àpáàdì ló ń lọ."

Ẹni kẹta á ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ọmọ Ọlọ́run ni, ọmọ Ọlọ́run náà ló ṣì jẹ́. Ṣé ọmọ tó ṣẹ bàbá ẹ̀ wá di ọmọ ẹlòmíì ni?"

Ó ṣeé ṣe kí ìkankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má lọ sílé ẹ̀kọ́ àlùfáà rí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ yẹn ni àwọn Kristẹni ti ń jiyàn lé lórí fún nǹkan bí 1,800 ọdún. Kì í sì í ṣe iyàn lásán. Àwọn kan wà tí wọn ò tẹ ilé ìjọsìn mọ́ nítorí ó dá wọn lójú pé Ọlọ́run ti kọ̀ wọ́n. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe ohun tó burú, tí wọ́n á sì ní oore-ọ̀fẹ́ ti bo gbogbo ẹ̀. Ìdí nìyí tá a fi ní ká to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ.

Kí ni oore-ọ̀fẹ́ gan-an?

Ọ̀rọ̀ náà ti túmọ̀ ara rẹ̀: oore tí wọ́n ṣe fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ṣe é ò gba kọ́bọ̀, ẹni tí wọ́n sì ṣe é fún ò lè yangàn pé òógùn ojú òun ló mú un wá. Nínú Éfésù orí 2, ẹsẹ 8 àti 9, Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ pé oore-ọ̀fẹ́ ló gba èèyàn là nípa ìgbàgbọ́, pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹnì kan má bàa fọ́nnu.

Lórí ibi tá a dé yìí, àríyànjiyàn ò pọ̀ mọ́ láàárín àwọn ìjọ ńlá. Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ láàárín Martin Luther àti Ìjọ Kátólíìkì ní 1517 dá lórí ọ̀rọ̀ yìí dé àyè kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1999, àwọn aṣojú Ìjọ Kátólíìkì àti ti àwọn ìjọ Luther fọwọ́ sí ìwé àjọmọ̀ kan ní ìlú Augsburg, ní Jámánì. Wọ́n jọ sọ níbẹ̀ pé oore-ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fi ń gba èèyàn, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ rere èèyàn. Àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àgbáyé náà dara pọ̀ mọ́ ìwé yìí ní 2006.

Àmọ́ ẹ má dúró sí ẹsẹ 9. Ẹsẹ 10 tó tẹ̀ lé e sọ pé iṣẹ́ rere ni Ọlọ́run dá wa fún. Iṣẹ́ rere ò ra ìgbàlà, ṣùgbọ́n ó yẹ kó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: tí iṣẹ́ rere ò bá wá tẹ̀ lé e ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé àgbèrè, olè jíjà tàbí irọ́ ló tẹ̀ lé e ńkọ́?

Ilẹ̀ Áfíríkà ni ìjà ọ̀hún ti kọ́kọ́ gbóná

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn òyìnbó ló kó iyàn yìí wá fún wa. Rárá o. Ìlú Carthage, tó wà ní ilẹ̀ Túnísíà òde òní, ni ọ̀kan nínú ibi tó ti kọ́kọ́ le. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta, ará Carthage kan tó ń jẹ́ Tertullian kọ̀wé fìbínú tako bíṣọ́ọ̀bù kan tó kéde pé alágbèrè tó bá ronú pìwà dà lè rí ìdáríjì gbà nínú ìjọ. Lójú Tertullian, ìjọ ò ní àṣẹ láti ṣe irú ìyẹn.

Ní nǹkan bí ọdún 250, ọ̀rọ̀ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀. Decius, olú-ọba Róòmù, pàṣẹ pé kí gbogbo ará ìlú rúbọ sí àwọn òrìṣà ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí pé àwọn ti ṣe é. Àwọn Kristẹni kan kọ̀, wọ́n jìyà, àwọn kan kú sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló rúbọ. Àwọn mìíràn ò rúbọ, wọ́n kàn fowó ra ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé àyédèrú ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí inúnibíni rọlẹ̀, àwọn tó ṣubú ń sunkún padà wá sílé Ọlọ́run. Ṣé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn? Ní Róòmù, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Novatian ní rárá, ìjọ ò lè dárí irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ jì wọ́n. Ó ya lọ dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní Carthage, àwọn kan tí wọ́n ti ṣẹ̀wọ̀n nítorí ìgbàgbọ́ ń fún àwọn tó ṣubú ní lẹ́tà pé kí wọ́n gbà wọ́n padà kíákíá.

Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, ò gba ti Novatian, kò sì gba ti àwọn olónílẹ́tà. Òun fúnra rẹ̀ sá pamọ́ nígbà inúnibíni náà, àwọn kan sì fi bú u. Lọ́dún 251, àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé ní Carthage, wọ́n ní kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹni tó kàn ra ìwé ẹ̀rí lè padà lẹ́yìn ìrònúpìwàdà. Ẹni tó rúbọ gan-an á wà nínú ìrònúpìwàdà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á sì gbà á wọlé tí ikú bá fẹ́ dé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dẹ òfin náà nígbà tí wọ́n rí i pé inúnibíni mìíràn ti ń bọ̀. Cyprian fúnra rẹ̀ ò sá mọ́ nígbà tó yá: lọ́dún 258 ni wọ́n bẹ́ ẹ lórí nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Lẹ́tà ìbáwí oṣù mẹ́fà tí wọ́n ń kà nínú ìjọ wa lónìí, ọmọ-ọmọ ìpinnu ọjọ́ yẹn ni.

Kí ni ìjọ kọ̀ọ̀kan ń kọ́ni?

Nígbà tí ìhìn rere dé ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́ ló gbà wọlé. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ló gbé ìdáhùn tirẹ̀ wá.

Ìjọ Kátólíìkì, tí àwọn àgbà ń pè ní Ìjọ Àgùdà, ń kọ́ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ò rí bákan náà. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré máa ń pa ọkàn lára, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì ń lé oore-ọ̀fẹ́ jáde nínú ọkàn. Kí ẹ̀ṣẹ̀ tó di irú ìyẹn, nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé: kí ohun náà wúwo, kí ẹni náà mọ̀ pé ó burú, kó sì fínnúfíndọ̀ ṣe é. Ẹni tó bá ṣe é ti kúrò nínú oore-ọ̀fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbọ̀ wà: kó ronú pìwà dà, kó lọ jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ fadá, kó sì gba ìdáríjì.

Ìjọ Áńgílíkà ní ìlànà ìgbàgbọ́ mọ́kàndínlógójì láti 1571. Ìkẹrìndínlógún nínú wọn dá lórí ọ̀rọ̀ wa yìí gan-an. Ó ní ẹni tó ti gba Ẹ̀mí Mímọ́ lè yà kúrò nínú oore-ọ̀fẹ́, kó ṣubú, ó sì tún lè dìde nípa oore-ọ̀fẹ́ kan náà. Ó tún bá àwọn tó ń sọ pé kò sí ìdáríjì mọ́ fún ẹni tó ronú pìwà dà wí.

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí àwọn kan mọ̀ sí Ìjọ Elétò, tẹ̀ lé John Wesley. Thomas Birch Freeman ló gbé e dé Àgbádárìgì ní 1842. Wesley kọ́ni pé onígbàgbọ́ tòótọ́ lè di apẹ̀yìndà, kó sì ṣègbé tí kò bá padà. Ṣùgbọ́n ó tún gbà gidigidi pé apẹ̀yìndà lè padà. Ní 1739, ó wàásù lórí oore-ọ̀fẹ́ tó wà fún gbogbo èèyàn, ìwàásù yẹn sì dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín òun àti George Whitefield ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó dúró lórí ẹ̀kọ́ Calvin.

Ìjọ Onítẹ̀bọmi wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n rán Thomas Jefferson Bowen wá ní 1850. Ẹ̀kọ́ àwọn tó rán an níṣẹ́ ni pé ẹni tó bá gbàgbọ́ ní tòótọ́ á dé òpin. Ó lè ṣubú, ó lè kó ẹ̀gàn bá orúkọ Jésù, ó lè jẹ ìyà ẹ̀ láyé níbí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò ní jọ̀wọ́ ẹ̀. Gbòǹgbò ẹ̀kọ́ yìí lọ jìnnà dé ìpàdé ńlá tí àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin ṣe ní Dort, nílẹ̀ Netherlands, ní 1618 sí 1619. Ìpàdé yẹn dárúkọ Dáfídì àti Pétérù pé wọ́n ṣubú lọ́nà tó burú, síbẹ̀ Ọlọ́run gbé wọn dìde.

Àwọn ìjọ ìwà mímọ́, bíi Deeper Life tí Pásítọ̀ W. F. Kumuyi bẹ̀rẹ̀ ní 1973 gẹ́gẹ́ bí àwùjọ ẹ̀kọ́ Bíbélì, súnmọ́ Wesley ju Calvin lọ. Wọn ò gbà pé ẹni tó bá ti rí ìgbàlà lẹ́ẹ̀kan ti rí i títí láé láìka bó ṣe ń gbé ayé ẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú títì ṣàlàyé rẹ̀. Bàbá kan ń mú ọmọ ẹ̀ sọdá títì márosẹ̀. Àwọn ti Calvin ní bàbá ló di ọmọ mú, bí ọmọ tiẹ̀ kọsẹ̀, ọwọ́ bàbá ò ní tú. Àwọn ti Wesley ní òótọ́ ni pé bàbá di ọmọ mú, kò sì sí mọ́tò tó lè já ọmọ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ ọmọ fúnra ẹ̀ lè fi ipá já ara ẹ̀ gbà, kó sáré padà sáàárín ọkọ̀. Àwọn méjèèjì gbà pé bí bàbá ò bá sí níbẹ̀, ọmọ ò lè sọdá.

Ẹ wá wo àwọn mẹ́ta tó wà lábẹ́ igi níjọ́sí. Ẹni kejì ló dúró síbi tí Wesley dúró. Ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni kẹta tó dà bíi pé wọ́n ń bá ara wọn jà, ilé kan náà ni wọ́n ti wá: ilé Calvin. Ọ̀kan ní bó bá jẹ́ ọmọ ni, kò ní sọnù. Èkejì ní bó bá sọnù pátápátá, a jẹ́ pé kì í ṣe ọmọ látilẹ̀.

Ẹsẹ Bíbélì wo ni wọ́n dì mú?

Àwọn tó ní ìgbàlà ò ṣeé sọ nù máa ń tọ́ka sí Jòhánù 10, níbi tí Jésù ti sọ pé ẹnikẹ́ni ò lè já àwọn àgùntàn òun gbà lọ́wọ́ òun, àti ìparí Róòmù 8, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ka ikú, ìyè, áńgẹ́lì àti ohun gbogbo, tó ní kò sí èyí tó lè yà wá kúrò nínú ìfẹ́ Ọlọ́run.

Àwọn tó ní ó ṣeé sọ nù máa ń ṣí Hébérù 6 àti 10, tó kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tó ti tọ́ ẹ̀bùn ọ̀run wò tó wá padà sẹ́yìn, àti Gálátíà 5, tó ní àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ti ara ò ní jogún ìjọba Ọlọ́run.

Apá kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń dà á láàmù. Ẹ bi ẹni tó ní èèyàn lè sọ ìgbàlà nù pé ẹ̀ṣẹ̀ mélòó ló máa gbé e lọ, ṣé irọ́ kan ni àbí mẹ́wàá? Kò ní rọrùn fún un láti dáhùn. Ẹ sì bi ẹni tó ní kò ṣeé sọ nù pé báwo ló ṣe mọ̀ pé òun wà lára àwọn onígbàgbọ́ tòótọ́, nígbà tó jẹ́ pé ìparí ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n? Òun náà á ronú díẹ̀.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí

Ìyàtọ̀ wà láàárín kí èèyàn ṣubú àti kí èèyàn tẹ́ ẹní síbi tó ṣubú sí. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tó ń wo ẹ̀yìn, tó ń wá ohun tó gbé e ṣubú, tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún, kò sí ìjọ kan nínú àwọn tá a kà yìí tó ní ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn. Lẹ́tà Jòhánù àkọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì pa pọ̀: ẹni tó ní òun ò lẹ́ṣẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ, ẹni tó sì ń gbé inú ẹ̀ṣẹ̀ ò tíì mọ Ọlọ́run.

Ìdí nìyí tí ìkìlọ̀ Hébérù 6 ò fi gbọdọ̀ di pàṣán fún ẹni tó ti ń sunkún. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Bíbélì gbà pé ẹni tó kẹ̀yìn sí Kristi pátápátá ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé bóyá Ọlọ́run ti kọ òun ò tíì kẹ̀yìn.

Èkejì, oore-ọ̀fẹ́ kì í ṣe ìwé àṣẹ láti dẹ́ṣẹ̀. Láti ìgbà ayé Pọ́ọ̀lù ni wọ́n ti ń béèrè bóyá ká kúkú máa dẹ́ṣẹ̀ lọ kí oore-ọ̀fẹ́ lè pọ̀ sí i, Róòmù 6 sì dáhùn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, àwọn oníwàásù kan ń sọ pé onígbàgbọ́ ò tiẹ̀ nílò láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ẹ̀kọ́ yìí ò bá ti Wesley mu, kò sì bá ti Calvin náà mu.

Ẹ̀kẹta, ìdáríjì ò pa àbájáde rẹ́. Dáfídì gba ìyàwó Ùráyà, ó sì ṣètò ikú ọkùnrin náà. Nígbà tó jẹ́wọ́ níwájú wòlíì Nátánì, wọ́n sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé Ọlọ́run ti mú ẹ̀ṣẹ̀ náà kúrò. Síbẹ̀ ọmọ náà kú, idà ò sì kúrò ní ilé Dáfídì.

Ibí yìí ló yẹ kí àwa ará Nàìjíríà dúró sí dáadáa. Tí òṣìṣẹ́ ìjọ bá jí owó, kó dá owó padà jẹ́ ara ìrònúpìwàdà. Tó bá jẹ́ pé ọmọdé ló bà jẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ nìkan kọ́ nìyẹn, ìwà ọ̀daràn ni. Ọwọ́ ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ ló ń lọ, kì í ṣe yàrá pásítọ̀ nìkan. Ẹni tó ní "a ti dárí jì í, ẹ jẹ́ ká bò ó mọ́lẹ̀" ti fi oore-ọ̀fẹ́ ṣe aṣọ ìbora fún ìkà. Ọlọ́run lè dárí ji ọkùnrin náà nínú ẹ̀wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbàlà àti ipò kì í ṣe ohun kan náà: wọ́n lè dárí ji èèyàn kó má sì padà sórí àga ìwàásù mọ́.

Ta ni ìbáwí máa ń bá?

Nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 5, Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n yọ ọkùnrin kan tó ń fẹ́ ìyàwó bàbá rẹ̀ kúrò láàárín ìjọ. Nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 2, ó ní ìyà tí wọ́n ti fi jẹ ẹnì kan ti tó, kí wọ́n dárí jì í, kí wọ́n tù ú nínú, kí ìbànújẹ́ má bàa gbé e mì. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ẹnì kan náà ni, àwọn mìíràn ò gbà. Bó ti wù kó jẹ́, ète ìbáwí hàn kedere: kí ẹni náà padà wá. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, òsì la fi ń fà á mọ́ra.

Àmọ́ ká má tan ara wa. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, ọmọbìnrin tó lóyún ni wọ́n máa ń pè síwájú, nítorí oyún ò ṣeé fi pamọ́. Ọkùnrin tó fún un lóyún lè wà nínú ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ náà kó máa kọrin lọ. Olówó tí gbogbo ìlú mọ̀ pé owó ìjọba ló kó jẹ, àga iwájú ni wọ́n máa ń fún un. Bí ìbáwí bá ń mú ẹni tí kò lẹ́nìkan nìkan, kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun nípa oore-ọ̀fẹ́. Ohun tó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni pé kí wọ́n mọ bí wọ́n á ṣe máa fi ti wọn pamọ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá béèrè bóyá oore-ọ̀fẹ́ ṣì wà fún olórí ẹgbẹ́ akọrin yẹn, gbogbo ìjọ tá a kà sílẹ̀ yìí ló máa ní ó wà. Àwọn kan á ní ó ti jáde, kó padà wọlé. Àwọn kan á ní kò jáde, ó kàn ń rìn nínú òkùnkùn, kó padà sínú ìmọ́lẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn á ní kó ṣe láàárọ̀ ọ̀la: kó fi obìnrin yẹn sílẹ̀, kó jẹ́wọ́, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ẹni tí lẹ́tà tí wọ́n kà níwájú ìjọ ò dárúkọ rẹ̀ rárá.

Ìyàwó yẹn ń kọ́? Ta ló ti bẹ̀ ẹ́ wò láti ọjọ́ tí wọ́n ti ka lẹ́tà náà? Ọkùnrin náà ńkọ́, ta ló ti pè é lórí fóònù? Oṣù mẹ́fà gùn fún ẹni tó dá jókòó sílé lọ́jọ́ Ìsinmi. Tí ẹ bá mọ irú wọn ní àdúgbò yín, ẹ kàn sí wọn lọ́sẹ̀ yìí.